Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ájinná

Ọ̀rọ̀ kan ló di orúkọ mọ́ ọkùnrin náà lára. Bó bá ti ṣí báńdéèjì kúrò lójú egbò, tó tẹrí ba, tó wò ó síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń ka ìwé, á gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Á jinná." Ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ tí omi gbígbóná bó, ìbáà jẹ́ ojú iṣẹ́ abẹ tó tún ya, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ájinná. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tó sì ṣe, orúkọ náà tẹ̀ lé e délé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé ẹran kaná, tí ẹran náà ń ṣagídí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákun, ẹ wá bá ìkòkò yìí sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kúkú lẹ ni ọ̀rọ̀ jíjinná."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kí ló máa ṣe tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ó mọ egbò tọ́jú lóòótọ́. Ó mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ láì bó o, ó mọ ìgbà tó yẹ ká bò ó àti ìgbà tó yẹ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń fojú ayùn wò ló fi ara wọn rìn jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ojú aláìsàn ni, nígbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ojú tó ti pa dé bíi fèrèsé ọjọ́ òjò á ṣí gbayawu. Ó fẹ́ràn ìṣísílẹ̀ yẹn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ọtí, kò sì jọ pé ó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé, àwọn aláìsàn tí oògùn ti gbìyànjú fún títí tó fi kúnlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tuntun, obìnrin kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, jókòó tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Egbò tó o máa bá pàdé níbí kì í jinná," obìnrin náà ní. "Jẹ́ kó yé ẹ. Ara ló ń jẹ ara. Iṣẹ́ tiwa ni kó má rùn, kó má dunni, kó má ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹni tó ni ín lè jókòó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni. Ìyẹn náà sì pọ̀."

"Ó yé mi, mà."

Ó mi orí. Orí gbọ́, ahọ́n ò gbọ́.

Lára àwọn tí wọ́n pín fún un ni ìyá aránṣọ kan. Lókè ilé alájà kan ló ń gbé, lójú òpópó tóóró tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti máa ń fi irin lu irin láti àárọ̀. Òórùn náà ló kọ́kọ́ kí nọ́ọ̀sì káàbọ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Àbúrò ìyá náà, obìnrin tó ń bá a gbé tó sì ń tọ́jú rẹ̀, ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú o, Nọ́ọ̀sì. Gbogbo ọṣẹ olóòórùn dídùn tó wà láyé yìí ni mo ti fi fọ ilé yìí. Ilé ń rùn, ọṣẹ ń ta sánsán, àwọn méjèèjì wá fẹ́ ara wọn."

Nínú yàrá, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi aṣọ bò ó. Àkójọ òwú aláràbarà wà lórí àpótí. Dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjú rẹ̀ sí ògiri. Lórí ibùsùn ni ìyá náà jókòó sí, tínínrín, pẹ̀lú ìborùn tó fi bo àyà bí ẹni tó gbé ọmọ mọ́ra. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti dá ojú ara lu ní apá òsì.

Nọ́ọ̀sì ò fajú ro, kò yímú. Ó fún un ní oògùn ìrora, ó sì dúró kó ṣiṣẹ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Aṣọ tí àbúrò fi bo egbò náà ti gbẹ mọ́ ọn.

"Báwo lẹ ṣe máa ń ṣí i?" ó bi í.

"Mo máa ń fà á ni. Màá ní kó dijú."

"Ẹ má fà á mọ́. Bẹ́ ẹ bá fà á, ara lẹ ń bó pẹ̀lú aṣọ." Ó rọ omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. "Ẹ dúró kó tú fúnra rẹ̀."

Nígbà tó tú, ó fi omi náà ṣan egbò. Ó lọ oògùn tó ń pa òórùn kúnná, ó wọ́n ọn sí i, ó tẹ́ gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ ara lé e, ó gbé òwú lé ìyẹn. Ó ní kí wọ́n gbé èédú sínú àwo sábẹ́ ibùsùn kó lè máa fa òórùn. Nígbà tó parí, yàrá náà tún di yàrá. Ìyá náà mí símú, ó tún mí.

"Mo ń gbóòórùn aṣọ tuntun," ó ní, ẹnu yà á. "Aṣọ inú àpótí yẹn. Ó ti pẹ́ o." Ó wá wo nọ́ọ̀sì lójú. "Kí lo rí níbẹ̀? Sọ fún mi."

Ahọ́n tí kò gbọ́ nígbà tí orí gbọ́, òun ló dáhùn. "Á jinná, Màmá."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Á jinná ke! Ṣé ẹran ni mí ni? Ta ló gbé mi kaná?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, nọ́ọ̀sì rí i tí ojú ìyá náà ṣí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìtìjú kékeré kan tó dà bí òkúta inú bàtà. Kò dá ìrìn rẹ̀ dúró, kò sì jẹ́ kí ìrìn náà dùn.

Ìyá aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara ṣe. Ó ní pálásítà tí wọ́n fi ń lẹ báńdéèjì ń bó òun lára, ó gé aṣọ òwú àtijọ́ kan tó rọ̀, ó fi rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ní okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń di òwú àti gọ́ọ̀sì mú láìlo pálásítà. Nọ́ọ̀sì yìn ín tọkàntọkàn. Ó mú àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ fi han ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó tún wá, wọ́n ti ṣí aṣọ orí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ búlúù kan sì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn ni àbúrò sìn ín dé ìsàlẹ̀ ilé, tó sì fọwọ́ ti ìlẹ̀kùn kó má lè jáde.

"Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ bi yín. Ó máa tó ìgbà wo kó tó jinná?"

"Kí ló dé?"

"Ọmọ ẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó wà nílùú òkèèrè. Gbogbo ìgbà ló ń pè pé òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò gbọdọ̀ wá. Ó ní bó bá wá báyìí, òórùn yìí ló máa fi rántí òun títí ayé. Ó ní nọ́ọ̀sì ní á jinná, bó bá jinná tán, kó wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aṣọ búlúù yẹn, òun ló ń rán dè é. Èmi ni mo kàn ń wò ó pé ó ń rù sí i, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu láti ọjọ́ yìí, òun náà ló ti di ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń fọwọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán kó tó pa ẹ̀rọ omi.

"Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó yọ lẹ́nu mi ni, mà."

"Ohun tó bá yọ lẹ́nu, ẹnu náà ló máa lọ gbé e. Ṣé kí n bá ẹ lọ?"

Ká ní ó gbà ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í kí ẹlòmíràn wá dúró nínú yàrá yẹn kó gbọ́ ohun tó sọ. "Rárá, mà. Màá sọ fún un fúnra mi."

"Tètè sọ ọ́. Ara ìyá yẹn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fi ń tijú, ọjọ́ ẹlòmíì lo ń ná."

Ó to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu jálẹ̀ ojú ọ̀nà. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń tò ó. Ó wọlé, ìyá náà na aṣọ búlúù sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ájinná, wo ọrùn yìí. Ṣé o mọ bó ṣe ń ṣòro tó láti rán ọrùn tó rí báyìí? Mo rò pé ọwọ́ mi ti gbàgbé." Ó gbé aṣọ sílẹ̀ kó lè ṣí àyà fún un. "Mo fọwọ́ kàn án lánàá. Ó ti ń súnkì, àbí?"

Kò súnkì. Etí egbò náà tó kọjú sí abíyá ti jìn sí i, awọ ibẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wo aṣọ búlúù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Irọ́ àkọ́kọ́ ló yọ lẹ́nu rẹ̀. Èyí kò yọ, òun ló fà á yọ. Ó délé, ìyàwó rẹ̀ ṣe àwàdà ẹran àtijọ́ fún un, kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣe yín?" ìyàwó bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Àṣé bí irọ́ bá ti ráyè jókòó, ó máa ń bímọ.

Nígbà tó tún padà lọ, ìyá náà kò sí nídìí ẹ̀rọ mọ́. Ó dùbúlẹ̀. Aṣọ búlúù ti parí, wọ́n gbé e kọ́ sí ara ògiri. Nọ́ọ̀sì ti ṣí egbò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́, nígbà tí fóònù dún. Àbúrò gbé e sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí.

"Ọmọ mi... Mo jẹun, mo jẹun dáadáa... Má tíì wá. Kò ní pẹ́ mọ́." Ìyá náà fetí sílẹ̀, ó sì ṣẹ́ ojú. "O ò gbà mí gbọ́? Mo ti di onírọ́ lójú ẹ? Ó dáa, nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ nìyí, ó wà lórí àyà mi níbí bí ológbò. Gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀." Ó ṣẹ́wọ́ sí àbúrò rẹ̀. "Gbé e sí i létí."

Àbúrò gbé fóònù mọ́ nọ́ọ̀sì létí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ohùn ọmọ náà jọ ti ìyá rẹ̀ gan-an, àfi pé ó le sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ó máa jinná. Mo ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́ wá, wọ́n ní kí n má wá. Ẹ má tàn mí. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì ò wo ojú ìyá náà. Egbò ló ń wò.

"Rárá," ó ní. "Kò ní jinná. Ẹ máa bọ̀. Ẹ má dúró de nǹkan kan."

Àbúrò yọ fóònù kúrò létí rẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Nísàlẹ̀, irin ń lu irin. Ó wu nọ́ọ̀sì kó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó sá lọ, ṣùgbọ́n egbò wà ní ṣíṣí, egbò kì í sì í dúró de ẹni tí ojú ń tì. Ó wọ́n oògùn sí i. Ó tẹ́ gọ́ọ̀sì. Ó so okùn àwọ̀tẹ́lẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyá náà ṣe kọ́ ọ. Ìyá náà ti kọjú sí ògiri.

"O ṣeun, Nọ́ọ̀sì," ó ní.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Ájinná ló ń pè é, kì í pè é ní Nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó tún wá, ìyá náà jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dé ìdajì kó tó lanu.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu. "Mo sì ń lé ọmọ mi. Ó ń sunkún lórí fóònù, mo ń lé e."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Bó o tilẹ̀ máa sọ ọ́, ojú mi lo yẹ kó o wò. Mo wà níwájú ẹ, ọwọ́ ẹ wà nínú àyà mi, fóònù lo fi ránṣẹ́ sí mi!" Èémí rẹ̀ kò tó, ó sinmi. "Nígbà tí mo ń ránṣọ, bí èèyàn bá gbé aṣọ tó ti jẹrà wá pé kí n bá òun lẹ̀ ẹ́, màá sọ fún un pé aṣọ yìí ò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn míì máa ń bú mi. Àmọ́ kò sẹ́ni tí mo jẹ́ kó wọ̀ ọ́ jáde, kó lọ ya mọ́ ọn lára láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwọ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ jáde."

Ojú ti nọ́ọ̀sì débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó di gọ́ọ̀sì mú, kò mọ ibi tó fẹ́ fi í sí.

"Mi ò bínú," ìyá náà ní. "Mo kàn ń bá ẹ tijú ni." Ó wá yí ohùn padà, ohùn ẹni tó ń bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́túnla. Ṣé o lè ṣe é kó má rùn?"

"Mo lè ṣe ìyẹn."

"Ṣé kì í ṣe irọ́?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ojú rẹ̀. "Kì í ṣe irọ́, Màmá. Láàárọ̀, kò ní rùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò rùn díẹ̀. Bí mo bá lè wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kò ní pọ̀."

Ìyá náà rò ó wò. "Ìyẹn dára," ó ní. "Ìyẹn lọ̀rọ̀."

Ọmọ náà dé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá a nínú aṣọ búlúù láàárín yàrá. Wọ́n ti yí dígí padà sí ìta kó lè rí ara rẹ̀. Aṣọ náà ò wọ̀ ọ́. Ọrùn rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n ó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè dé bọ́tìnnì. Ara ọmọ tí ìyá rẹ̀ fojú rí kẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ rán an fún, ọmọ náà sì ti sanra láti ìgbà náà.

"Ká ní o ti dé nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè mú abẹ," ìyá náà ń wí láti orí ibùsùn, "ìṣẹ́jú ni màá fi tú ẹ̀gbẹ́ yẹn. Mo fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ tí kò bá ní àyè nínú, kì í ṣe aṣọ."

Kò wo ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tó ń sọ ọ́. Ì bá sàn kó wò ó.

Ọmọ náà bọ́ aṣọ, ó wá kúnlẹ̀ ti ibùsùn. Òun náà ò yímú. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màámi. Ẹ jẹ́ kí ara yín balẹ̀ ná. Á jinná."

"Má bá mi sọ ìyẹn," ìyá rẹ̀ ní. "Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́, mo ti ní nọ́ọ̀sì."

Àbúrò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì já lu ẹ̀rín náà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín débi tí èémí rẹ̀ mọ. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń to gọ́ọ̀sì sórí àwo, ó ń tún un tò.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìbọ̀wọ́, ó gbé ife omi iyọ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wù yín láti fà á, ẹ má fà á. Ẹ dúró."

Wọ́n dúró. Ibi tí wọ́n ti ń dúró ni ìyá náà ti pe nọ́ọ̀sì ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́.

"Ájinná. O ò ní dúró lórí wa bí ọlọ́pàá. Mú aṣọ yẹn. Abẹ wà nínú àpótí òwú. Jókòó síbi fèrèsé, kó o bá mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Èmi, Màmá?"

"Ta ló tún kù? Ṣebí ọwọ́ ẹ mọ́."

Ó jókòó sórí àga tí ìyá náà ti jókòó rán an. Ó yí inú aṣọ náà síta, ó rí ojú rírán náà, ó wẹ́, ó tọ́ bí okùn. Ó ti abẹ bọ ìsàlẹ̀ òwú àkọ́kọ́.

"Má fà á," ìyá náà ní. "Gé e, kó o dúró, kó o tún gé e. Bó o bá fà á, aṣọ á ya."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó ń gé e, ó ń yọ òwú náà síta níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ tó fi jẹ́ kí ìyá náà rò pé egbò ń súnkì, gbogbo ọjọ́ yẹn ló wà lábẹ́ abẹ yìí. Lórí ibùsùn, gọ́ọ̀sì tú láìsí ìrora, ọmọ náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣan egbò ìyá rẹ̀.

"Tó o bá tú u tán," ìyá náà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "àbúrò mi máa rán an padà. Ọwọ́ tiẹ̀ ò yá, àmọ́ á rán an." Ó wo aṣọ náà. "Ṣé màá rí i lọ́rùn ọmọ mi?"

Gbogbo wọn wo ibi fèrèsé. Ẹnu nọ́ọ̀sì ṣí. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ó mọ bó ṣe máa dùn tó, ó mọ bí ojú ìyá náà ṣe máa ṣí. Ó gbé e mì. Ó wo ìyá náà lójú.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ó ní.

Ìyá náà mi orí pé òun gbọ́. Nọ́ọ̀sì tún tẹrí ba, ó wá òwú tó kàn.